Tẹ̀tẹ̀ Lójú Fèrèsé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni. Àwọn àgbà ti wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo oúnjẹ wa tí ó ń dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Èlùbọ́ ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, gààrì ń wọ̀ ọ́, ẹ̀gúsí àti ata gbígbẹ náà ń wọ̀ ọ́. Ohun gbígbẹ kò kọ ìrìn àjò. Ẹ̀fọ́ tútù ni kò lè rin ọ̀nà jíjìn. Kí ó tó ti oko dé ọjà, kí ó tó ti ọjà dé pápákọ̀ òfuurufú, kí ó sì tó dé orí àtẹ ní Peckham tàbí Dalston, ó ti rọ, owó rẹ̀ sì ti kọjá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wa fi ń fi ẹ̀fọ́ òyìnbó inú ọ̀rá se ọbẹ̀. Kò burú, a kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá da odidi ọ̀rá kan sínú ata tí ó ń hó, kò pẹ́ tí yóò fi yọ́ dànù, tí ọbẹ̀ yóò sì ṣomi. Tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ a máa dúró kí ẹni tí ń jẹ ẹ́ mọ̀ pé òun ń jẹ ẹ̀fọ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Tẹ̀tẹ̀ lè hù dáadáa nínú ìkòkò, nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́, láìsí oko, láìsí ọkọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́dún yìí kí ó sì tún jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mìíìn gbọ́dọ̀ mọ ohun mẹ́ta: ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́, ooru tí ó fẹ́, àti ìgbà tí ó yẹ kí a mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni ó ṣòro jù, òun ni a ó sì fi ṣe àsọkágbá.

Ta ni tẹ̀tẹ̀?

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Àwọn àgbà tilẹ̀ ń kì í ní tẹ̀tẹ̀ àtẹ̀tẹ̀dáyé. Ìyẹn fi hàn bí ó ti pẹ́ lẹ́nu wa tó àti bí a ti bọ̀wọ̀ fún un tó. Kì í ṣe irú kan ṣoṣo ni a ń pè ní tẹ̀tẹ̀. Ọ̀kan wà tí ó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ilé àti lórí ààtàn. Ọ̀kan wà tí ó ní ẹ̀gún lára, tí a ń pè ní tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Òmíràn ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe ebè fún, tí wọ́n ń bomi rin létí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń dì ní ìdì-ìdì wá sọ́jà. Amaranthus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún gbogbo ìdílé náà.

Ohun kan wà tí yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí a ń gbìn fún ẹ̀fọ́, èyí tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Amaranthus cruentus, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àáríngbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Níbẹ̀, hóró rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń jẹ ju ewé rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó kọjá òkun dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ìyá wa wò ó, wọ́n rí i pé ewé rẹ̀ dára fún ọbẹ̀, wọ́n sì gbà á sí agbo ilé tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àlejò ni nígbà kan rí, ó ti di onílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tí ó ti ilẹ̀ kan wá kò lè ta gbòǹgbò sí ilẹ̀ mìíràn.

Àwa nìkan kọ́ ni a sì ni ín. Bí ẹ bá ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ mìíràn, ẹ gbé ìkòkò tẹ̀tẹ̀ yín sí ilé ìdáná kí ẹ sì máa wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ Jàmáíkà yóò ní kálálú ni. Ọmọ Kẹ́ńyà yóò ní mchicha ni. Ọmọ Gíríìsì tàbí ti Kípírọ́ọ̀sì yóò ní vlita ni, ìyá òun a máa bọ̀ ọ́ kí ó tó da òróró ólífì sí i. Ọmọ Íńdíà yóò pè é ní chaulai, ọmọ Bangladesh yóò sì béèrè bóyá ẹ ní èyí tí ewé rẹ̀ pupa, èyí tí wọ́n ń pè ní lal shak. Àwọn ará wa ní Bùràsíìlì náà mọ̀ ọ́n, caruru ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ní Bahia, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fún ọbẹ̀ ilá kan, nítorí náà kí ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ béèrè dáadáa kí ó tó jókòó sídìí àwo.

Àǹfààní ńlá ni orúkọ púpọ̀ yìí jẹ́ fún wa. Kò pọn dandan kí ẹ di irúgbìn sínú ẹrù láti ilé, kí àwọn aṣọ́bodè má baà gbà á lọ́wọ́ yín. Òfin ilẹ̀ yìí lórí irúgbìn àti ewéko tí ń ti òkèèrè wọlé kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn, ẹ wá kálálú tàbí chaulai, ẹ ó rí ọmọ ìyá tẹ̀tẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun kan o. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbin irú tẹ̀tẹ̀ kan fún ẹwà òdòdó rẹ̀ tí ó pupa tí ó sì ń so rọ̀ bí ìrù. Ewé rẹ̀ kò ní májèlé, ṣùgbọ́n irúgbìn tí wọ́n tà fún òdòdó lè ní oògùn apakòkòrò lára. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ẹ̀fọ́ jíjẹ ni kí ẹ rà.

Ohun tí ó ń pa á lọ́wọ́ wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbin tẹ̀tẹ̀ nílẹ̀ yìí tí ó kú, tí wọ́n sì gbà pé ọwọ́ àwọn kò dára fún ọ̀gbìn. Ọwọ́ kọ́ ni. Nílé, oòrùn ni ó ń ṣe ìdajì iṣẹ́, a kò sì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko fi tẹ̀tẹ̀ sí ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú àgbàdo àti ìrèké, àwọn ewéko tí wọ́n mọ bí a ti ń fi oòrùn líle àti ooru ṣe oúnjẹ ju àwọn yòókù lọ. Bí oòrùn bá ń ràn, tí ara ilẹ̀ sì gbóná, ẹ ó máa rí i tí yóò máa ga lójoojúmọ́. Bí ilé bá ṣókùnkùn tí ó sì tutù, yóò kàn dúró gan-an bí ọmọ tí wọ́n fi ìyà jẹ, ewé rẹ̀ yóò máa pọ́n, kò ní pẹ́ kú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo kàlẹ́ńdà kí a tó wo ìkòkò. Ní Èkó, ọ̀sán kì í jìnnà sí wákàtí 12, ọdún yípo. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán a máa lé ní wákàtí 16 ní oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá kì í tó wákàtí 8, oòrùn rẹ̀ náà kò sì ní agbára. Ẹni tí ó bá gbin tẹ̀tẹ̀ ní oṣù Kọkànlá nítorí pé ọbẹ̀ ilé ń sọ ọ́ lọ́kàn, ó ń fi irúgbìn ṣòfò ni. Àárín oṣù Karùn-ún ni kí ẹ gbìn ín nínú ilé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e síta, ẹ dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, nígbà tí ìrì dídì kò ní bọ́ sórí rẹ̀ mọ́. Ìrì dídì òru kan péré tó láti pa á.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ni àwọn kan yóò fi dáhùn, pé oṣù Karùn-ún ni ìwé ń le jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà nídìí ìkòkò kan kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójúmọ́, ojú tí ó ti ń wo ìwé láti òwúrọ̀ a sì máa sinmi bí ó bá wo ewé tútù.

Ìkòkò àti irúgbìn

Ìkòkò òdòdó, garawa àtijọ́, tàbí ike bọ́tà ńlá, gbogbo rẹ̀ ni ó dára, bí ó bá ti ní ihò nísàlẹ̀ tí omi lè gbà jáde. Kí ó jin tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó 25 tàbí 30. Ìkòkò tí kò ní ihò ti di kànga, tẹ̀tẹ̀ kì í sì í ṣe ìrẹsì. Ẹ wá àwo pẹrẹsẹ sábẹ́ rẹ̀ kí omi má baà ba kápẹ́ẹ̀tì onílé jẹ́, nítorí owó ìdógò tí ẹ san nígbà tí ẹ gba yàrá ju owó ẹ̀fọ́ ọdún kan lọ.

Ilẹ̀dú inú àpò tí wọ́n ń tà fún ọ̀gbìn ni kí ẹ rọ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ wa ilẹ̀ létí títì tàbí lábẹ́ igi ọgbà ìṣeré. Ẹ kò mọ ohun tí ajá ti ṣe síbẹ̀, ẹ kò sì mọ oògùn tí wọ́n ti fọ́n sí i. Ẹ rọ ọ́ kí ó ku bí ìka méjì kí ó kún, kí ẹ bomi rin ín kí ó rẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí omi rẹ̀ ro.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Bí ẹ bá bu ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún hóró ni ó lè wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ wa fi máa ń pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn, kí ó má baà ṣù jọ sí ojú kan. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ́n ọn sójú ilẹ̀, kí ẹ sì fi ilẹ̀dú díẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni tí ó ń fọ́n iyọ̀ sórí ẹyin díndín. Bí ó bá wọlẹ̀ jù, kò ní lágbára láti yọ. Ẹ gbé ìkòkò náà sí ibi tí ó gbóná, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ títí tí yóò fi hù. Bí ooru ibẹ̀ bá tó 21 sí 25 lórí ìwọ̀n Celsius, láàárín ọjọ́ 3 sí ọ̀sẹ̀ kan ẹ ó rí èéhù. Ọjọ́ tí ẹ bá ti rí i gan-an ni kí ẹ ṣí ọ̀rá náà kúrò, kí ẹ sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

Fèrèsé tí ó kọjú sí gúúsù ni ó dára jù nílẹ̀ yìí, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà kọjá. Èyí tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ṣe é lò. Ti àríwá kò wúlò fún tẹ̀tẹ̀. Bí yàrá yín bá kọjú sí àríwá, ẹ bẹ ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí gúúsù, kí ẹ jọ pín ẹ̀fọ́ náà. Ẹ máa yí ìkòkò padà ní ọjọ́ méjì-méjì, nítorí pé ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ni ewéko ń tẹ̀ sí, bí ẹ kò bá sì yí i, yóò wọ́. Ẹ má ṣe gbé e sí etí fèrèsé òde láìso ó mọ́lẹ̀. Ìkòkò tí ó bá já láti àjà kẹta, orí ọmọ ọlọ́mọ ni yóò bọ́ lé.

Dídín in kù, omi rẹ̀ àti ajílẹ̀

Nígbà tí èéhù bá ti ní ewé mẹ́rin, yóò kún bí irun orí. Ojú àánú kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn fà lára rẹ̀ tu, bẹ́ẹ̀ ni fífà tu yìí ni ìlera rẹ̀. Nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi 4 tàbí 5 sílẹ̀, àwọn tí ọrùn wọn nípọn jù. Ẹ má sì da àwọn tí ẹ fà tu nù. Ẹ ṣàn wọ́n, kí ẹ dà wọ́n sínú ẹyin tàbí sínú ìrẹsì tí ẹ ń sè. Ìkórè àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó tún ń pa ọ̀pọ̀. Òòjọ́ kọ́ ni a ń wò tí a fi ń bomi rin ewéko inú ilé, ilẹ̀ ni a ń wò. Ẹ ki ìka bọlẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Bí ó bá tutù, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bu omi sí i láàárọ̀ títí tí yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tí ó bá dúró sínú àwo nù. Èéhù tí omi bá pọ̀ jù fún a máa jẹrà lọ́rùn, yóò sì wó lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan bí ẹni tí wọ́n gé. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, kò sí oògùn mọ́, ẹ tún òmíràn fọ́n ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti dàgbà, tí oòrùn oṣù Keje sì ń mú, ó lè mu omi lójoojúmọ́. Bí ẹ bá dé láti ilé ìkàwé tí ẹ rí i tí ewé rẹ̀ rọ, ẹ má bẹ̀rù, ẹ fún un lómi, kò ní pẹ́ gbé orí.

Ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń pò mọ́ omi tó fún un, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ó bá ti pé oṣù kan. Ẹ má ṣe kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Ajílẹ̀ àpọ̀jù níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti tó a máa kó èròjà tí wọ́n ń pè ní nitrate jọ sínú ewé, èyí kò sì dára fún ara, pàápàá fún ìkókó. Ní ti kòkòrò, ẹ máa yí ewé wò lábẹ́. Àwọn kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé a máa sá pamọ́ síbẹ̀ láti fa omi ara rẹ̀ mu. Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ nù wọ́n kúrò, kí ẹ sì fi omi lásán ṣàn án. Bí ìkòkò bá wà níta, ìgbín aláìníkarahun ni ọ̀tá rẹ̀. Òru ni wọ́n ń jáde, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá wọn kí ẹ sì ṣà wọ́n kúrò.

Kíkó àti sísè

Nígbà tí ó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 25 tàbí 30, tí ó sábà máa ń jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 lẹ́yìn tí a fọ́n ọn, ó tó jẹ. Àwọn tí ń tà á lọ́jà a máa fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹni tí ó ní ìkòkò kan kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé orí rẹ̀, kí ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ lókè ilẹ̀ pẹ̀lú ewé díẹ̀ lára rẹ̀. Ní ìhà ibi tí ewé ti so mọ́ igi, ẹ̀ka tuntun yóò yọ. Bí ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 bá kọjá, ẹ tún lè gé e. Báyìí ni ìkòkò kan ṣe lè fún yín ní ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ooru tó lọ.

A kò ní purọ́ fún yín: ìkòkò kan kò lè bọ́ ilé. Ẹ̀fọ́ tí ó kún ọwọ́ méjéèjì, bí a bá bọ̀ ọ́ tán, ẹ̀kúnwọ́ kan ni yóò kù. Ìkòkò kan, ọbẹ̀ ẹnì kan ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe àlejò, kí ó ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí kí ó fi tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ òyìnbó inú ọ̀rá. Ohun méjèèjì kì í jà nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ ẹ́ ní tútù púpọ̀. Tẹ̀tẹ̀ ní fítámì A àti fítámì C, ó ní irin àti kálísíọ̀mù, ṣùgbọ́n ó tún ní èròjà kan tí ń jẹ́ oxalic acid, tí ó máa ń di kálísíọ̀mù náà mú kí ara má lè lò ó. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa ti wà níbẹ̀ tipẹ́: wọ́n á da omi gbígbóná sí i tàbí kí wọ́n bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á sì da omi rẹ̀ nù kí wọ́n tó dà á sínú ata. Púpọ̀ nínú èròjà náà ń bá omi yìí lọ. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé ó ní òkúta nínú kíndìnrín, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ó tó máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá ń lọ lo ìsinmi nílé ní oṣù Keje, tàbí tí àkókò yàrá yín bá parí tí ẹ ń kó lọ sí òmíràn, ẹ má ṣe fi ìkòkò sílẹ̀ kí ó kú. Àǹfààní ìkòkò lórí oko ni pé ó ṣe é gbé. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tí yóò wà nílùú, kí ó máa bomi rin ín, kí ó sì máa jẹ níbẹ̀. Ẹni tó ń bá ni tọ́ ọmọ, kò yẹ kí a fi oúnjẹ ọmọ náà dù ú.

Igi kan tí a kò gbọdọ̀ jẹ

Ó wá ku ẹ̀kẹta nínú ohun mẹ́ta tí a kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀pọ̀ irú tẹ̀tẹ̀ a máa fi gígùn ọ̀sán mọ ìgbà. Nígbà tí ọ̀sán bá gùn ní oṣù Kẹfà àti Keje, ewé ni wọ́n ń yọ. Nígbà tí ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ sí kúrú ní ìparí oṣù Kẹjọ, wọ́n á mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n á yọ òdòdó, ewé wọn á kéré, á sì le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé àrùn ni. Kì í ṣe àrùn, ọjọ́ orí ni. Ẹ lè máa já orí òdòdó náà kúrò kí ẹ fi jẹ ewé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹyọ igi kan sílẹ̀, èyí tí ó sanra jù tí ewé rẹ̀ sì dára jù, kí ẹ má gé e mọ́.

Èyí ni ó nira. Igi tí ó dára jù ni ojú ọ̀kánjúwà máa ń kọ́kọ́ rí. Ọbẹ̀ ọjọ́ kan sì wà lára rẹ̀, nígbà tí owó akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tán lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ èyí tí ó dára tí a fi èyí tí ó rù sílẹ̀ fún irúgbìn, rírù ni a ó máa gbìn lọ́dún tí ń bọ̀. Bí a bá sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ilé ìtajà ni a ó tún padà sí. Àgbẹ̀ tí ó jẹ èbù iṣu rẹ̀, kí ni yóò kọ ebè fún?

Ẹ gbé igi kan yìí sínú ilé bí òtútù oṣù Kẹsàn-án bá ti ń wọlé, kí ẹ dín omi rẹ̀ kù. Nígbà tí orí rẹ̀ bá ti ń gbẹ, tí ẹ sì fọwọ́ kàn án tí hóró ń bọ́, ẹ gé e, kí ẹ kó o sínú àpò ìwé, kí ó gbẹ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ fi ọwọ́ ra á, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù pẹ̀lú ẹnu, ohun tí yóò kù ni hóró wẹ́wẹ́ tí ó ń dán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń ti ara igi kan jáde. Ẹ dì í sínú àpòòwé, ẹ kọ ọdún sí i, kí ẹ fi sí ibi gbígbẹ tí kò gbóná. Bí ọ̀rinrin kò bá dé ibẹ̀, yóò ṣì hù lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Àwọn ará Jàmáíkà tí wọ́n ní oko kékeré ní àwọn ìlú bíi Birmingham ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọn kì í ra irúgbìn kálálú lọ́dọọdún. Ọwọ́ ìyá ni ó ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni ó ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Irúgbìn tí a bá ń gbìn tí a sì ń fi pamọ́ ní ibì kan, lọ́dún dé ọdún, tí a ń yan èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ibẹ̀ yóò fi máa bá a lára mu. Àwa náà lè ṣe é.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni àwọn ọmọ wa tuntun ń dé láti ilé. Ìgbà náà ni ilẹ̀ ń tètè ṣú, tí òtútù ń bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò sì tíì mọ ẹnì kankan. A máa ń fún wọn ní ìmọ̀ràn púpọ̀ lórí ilé ìfowópamọ́ àti lórí ọkọ̀ wíwọ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa fún wọn ní ohun kan tí ó ṣe é mú lọ́wọ́. Kí olúkúlùkù ẹni tí ó gbin tẹ̀tẹ̀ lọ́dún yìí mú àpòòwé irúgbìn kan wá sí ìpàdé oṣù Kẹwàá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò kó wọn jọ, yóò sì pín in fún àwọn àlejò, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbìn ín títí di oṣù Karùn-ún.

Yóò dà bí ohun kékeré lójú wọn ní ọjọ́ náà, hóró wẹ́wẹ́ nínú ìwé tí wọ́n ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ fún ní oṣù Kẹwàá pé ohun kan ń bọ̀ tí yóò gbìn ní oṣù Karùn-ún, a ti sọ fún un pé ìgbà òtútù yóò kọjá, àti pé a ń retí rẹ̀ láàárín wa nígbà tí ó bá kọjá. Kí ìkòkò yín má ṣe gbẹ.